Ọkọ̀ Dúró, Èrò Ń Lọ: Òfin Ipá àti Ìrìn Lójú Pópó

Danfo kan ń sáré bọ̀ láti Ọjọ́ta, ó forí lé Kẹ́tù. Ọlọ́kadà kan já wọ iwájú rẹ̀ lójijì, awakọ̀ sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo èrò bì síwájú. Ẹni tó ń tòògbé forí sọ ìjókòó iwájú, àpò gààrí tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà yí ṣubú, kọ̀ndọ́ tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn di irin mú gírígírí. Èébú bẹ̀rẹ̀. "Ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Ìyá kan tiẹ̀ ń ké pé bíréèkì yẹn ló ti òun ṣubú.

Bíréèkì kò ti ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ ló dá dúró. Èrò tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, òun náà ń sáré 60, bó tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ tó ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀. Nígbà tí táyà dúró, kò sí ohun tó dá ara èrò náà dúró. Ara ń bá ìrìn rẹ̀ lọ títí yóò fi bá nǹkan pàdé: ìjókòó iwájú, gíláàsì tàbí ilẹ̀.

Ọjọ́ pẹ́ kí aráyé tó gba èyí gbọ́. Aristotle, ọ̀mọ̀wé ará Gíríìkì, kọ́ àwọn èèyàn pé ohunkóhun tó bá ń rìn, nǹkan kan ló ń tì í, àti pé bí ìtì náà bá ti dópin, ìrìn náà dópin. Ó jọ òótọ́ lójú. Ẹni tó bá jọ̀wọ́ ọmọlanke rẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọmọlanke náà yóò fi dúró. Galileo Galilei ará Ítálì ló wá fi bọ́ọ̀lù tó ń yí lórí pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣàwárí pé kì í ṣe pé ìrìn ń rẹ nǹkan. Ilẹ̀ tó ń fara ha á ló ń dá a dúró, bí ilẹ̀ bá sì ṣe ń dán sí i ni ìrìn ń pẹ́ sí i. Isaac Newton, ọmọ Ìlú Ọba, kó gbogbo rẹ̀ jọ sí òfin mẹ́ta nínú ìwé kan tó jáde ní 1687. Àkọ́kọ́ ni pé ohun tó dúró yóò máa dúró, ohun tó ń lọ yóò sì máa lọ tààrà láìyí eré padà, àfi bí ipá kan bá bá a wí. Ìkejì ni pé bí ipá bá ṣe pọ̀ tó ni eré ṣe ń tètè yí padà, bí nǹkan bá sì ṣe wúwo tó ni ó ṣe ń ṣagídí sí ipá. Ìkẹta ni pé ohun tó bá ti nǹkan, nǹkan náà yóò tì í padà pẹ̀lú ipá kan náà.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú danfo Ọjọ́ta yẹn. Ohun tí orí ìwé yìí sì fẹ́ fà yọ nínú wọn kò ju ẹyọ kan lọ: gbogbo ohun tó ń gba ẹ̀mí là lójú pópó, àyè àti àkókò láti dúró ló ń wá fún ara. Ẹni tó dúró díẹ̀díẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó dúró lójijì, àwọn ẹlòmíràn ni yóò gbé e sọ̀kalẹ̀.

Bẹ́líìtì, àti ọmọ tó wà lórí itan

Nils Bohlin, ẹnjiníà ará Sweden tó ń ṣiṣẹ́ ní Volvo, ló ṣe bẹ́líìtì tó gba èjìká bọ̀ wá sí ìbàdí, ní 1959. Ilé iṣẹ́ náà sì yọ̀ǹda kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ mìíràn lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti de èèyàn mọ́lẹ̀ bí ẹni de ewúrẹ́. Rárá o. Ó ń so ara pọ̀ mọ́ ọkọ̀ ni, kí àwọn méjèèjì lè jọ dúró pọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, imú rẹ̀ máa ń rún wọlé, àkókò tó fi ń rún yẹn gan-an ni ẹni tó de bẹ́líìtì fi ń dúró. Ẹni tí kò dè é kò jẹ nínú àǹfààní yẹn. Ọkọ̀ á ti dúró tán kí òun tó dé ìdí gíláàsì, ibẹ̀ ni gbogbo eré rẹ̀ yóò ti parí láàárín àyè tí kò ju ìwọ̀n ìka mélòó kan lọ.

Ìṣirò ọmọ orí itan tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ọmọ náà wọn kílò 10, kí ọkọ̀ máa sáré 50 ní wákàtí kan, kó wá kọlu nǹkan, kó sì dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí apá ìyá tó lè di ọmọ yẹn mú, ó gbọ́dọ̀ lágbára tó láti gbé nǹkan bíi kílò 140. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Díẹ̀ ló kù kó pé àpò mẹ́ta. Bí ìfẹ́ ìyá bá ṣe wù kó pọ̀ tó, apá rẹ̀ kò lè ká a. Bí ìyá àti ọmọ bá sì jọ wọ inú bẹ́líìtì kan ṣoṣo, ìwúwo ìyá ni yóò tẹ ọmọ náà mọ́ bẹ́líìtì. Ìjókòó ọmọdé, tí wọ́n dè mọ́ àga ẹ̀yìn, ni ibi tó yẹ kí ọmọ wà. Bí owó tuntun kò bá sí nílẹ̀, tókunbọ̀ tí kò sán, tí okùn rẹ̀ kò já, sàn ju itan lọ fíìfíì.

Dídè rẹ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó lórí egungun ìbàdí, kó má gun orí ikùn. Aláboyún yóò fà á wá sábẹ́ ikùn. Apá òkè yóò gba àárín èjìká kọjá sí àyà. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n á yára fi bẹ́líìtì kọ́ èjìká láìkì í bọ inú ihò rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ lè má rí i. Òfin Newton kò ní gbójú fò ó.

Nínú ọ̀pọ̀ danfo, bẹ́líìtì kò sí rárá. Èrò tó bá fẹ́ dáàbò bo ara rẹ̀ níbẹ̀ yóò yan ìjókòó tí àga mìíràn wà níwájú rẹ̀, yóò di irin mú, kò sì ní sùn. Ẹrù wúwo, ì báà jẹ́ bátìrì tàbí kẹ́ẹ̀gì epo, abẹ́ àga ni ipò rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn orí ẹlòmíràn, nítorí kẹ́ẹ̀gì náà kò ní mọ̀ pé ọkọ̀ ti dúró.

Fífò sílẹ̀ nígbà tí danfo ṣì ń yí, àṣà tó ti mọ́ ará Èkó lára, òfin kan náà ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó dúró. Ara òkè ṣì ń bá eré ọkọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọjú sí ẹ̀yìn fi máa ń fi ìpàkọ́ lulẹ̀. Kí èrò tètè ké "Ó wà o!" kó tó dé ibùdókọ̀ rẹ̀, kó sì dúró kí táyà dákẹ́. Bí awakọ̀ bá kọ̀ tí kò dúró, ó sàn kó gbé èrò kọjá ibùdókọ̀ kan ju kó fi í sílẹ̀ sójú títì.

Eré lẹ́ẹ̀mejì, ewu lẹ́ẹ̀mẹrin

Ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ọkọ̀ ń jẹ ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí ewu, kí ọpọlọ tó gbà pé ewu ni, kí ẹsẹ̀ tó kúrò lórí tọ́rọ́tù dé orí bíréèkì, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ ti lọ. Mítà 42 nìyẹn, bíréèkì kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, pẹ̀lú táyà tó dára, ọkọ̀ yóò tún gba mítà 56 mìíràn kó tó dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 98, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ kan náà, ní 50, mítà 35 péré ni gbogbo rẹ̀ máa gbà: 21 fún ojú àti ẹsẹ̀, 14 fún bíréèkì. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: eré di ìdajì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí bíréèkì nílò di ìdá kan nínú mẹ́rin. Eré máa ń wọ ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò sì mọ̀ nìyẹn, títí kan àwọn tó ti wakọ̀ fún ogún ọdún.

Ọ̀nà mìíràn wà láti fi wò ó. Ọkọ̀ tó forí sọ ògiri ní 50 kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó já bọ́ láti òkè tó ga tó mítà 10, ìyẹn òrùlé ilé alájà mẹ́ta. Ní 100, gíga náà di mítà 39. Àwọn kan ṣì ń tẹ̀ ẹ́ dé 160 lórí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lóru. Bí wọ́n bá dé Ìbàdàn, kí wọ́n lọ sí Dúgbẹ̀, kí wọ́n gbójú sókè wo Cocoa House. Mítà 105 ni gíga rẹ̀, àjà 26. Láti ibi tó ku díẹ̀ kó kan orí rẹ̀ ni eré 160 ti ń sọni sílẹ̀.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, fi 100 ṣe òpin eré ọkọ̀ kékeré lórí títì márosẹ̀, ó sì fi 50 ṣe ti àárín ìlú. Kò sí àṣírí kankan nínú iye wọ̀nyẹn. Láàárín ìlú, ọmọdé lè já sójú títì ní mítà 40 sí ọkọ̀, ẹni tó ń sáré 50 sì lè dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Òjò ń ba gbogbo ìṣirò yìí jẹ́. Mítà 56 ti bíréèkì lè sún mọ́ 100 lórí ọ̀dà tútù. Òjò àkọ́rọ̀ ló burú jù, nítorí eruku àti ọ́ìlì tó ti ń kán sójú ọ̀nà látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò pò pọ̀ mọ́ omi, yóò sì máa yọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ pẹ́, ó máa ń fọ ọ̀dà mọ́ díẹ̀; ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ ni kí awakọ̀ bẹ̀rù.

Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ àyè tó yẹ kó wà sí ọkọ̀ iwájú kò nílò òṣùwọ̀n. Kí awakọ̀ wo òpó iná tàbí pátákó kan lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ẹgbẹ̀rún ó lé kan, ẹgbẹ̀rún ó lé méjì, ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́ta. Bí òun náà bá dé ibẹ̀ kó tó kà á tán, ó ti sún mọ́ jù. Nínú òjò, kó kà dé mẹ́fà. Lóòótọ́, ní Èkó, bí èèyàn bá fi àyè yẹn sílẹ̀, danfo méjì yóò ti kó wọ ibẹ̀. Kó tún fà sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ni gbogbo àdánù rẹ̀.

Igbá lórí ọlọ́kadà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, òfin dé ní Nàìjíríà pé ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé àṣíborí. Àṣíborí gbówó lórí, kò sì kárí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọlọ́kadà kan ti gbé igbá dé, wọ́n fi okùn dè é lábẹ́ àgbọ̀n. Àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Àwọn èrò náà ní ìfòyà tiwọn: wọ́n ń sọ pé ta ló mọ ohun tí wọ́n fi sínú àṣíborí tí gbogbo ayé ń dé. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín, ìròyìn rẹ̀ sì kọjá ẹ̀yìn odi.

Ohun tó mú kí igbá má wúlò ni pé ó le. Líle kọ́ ni iṣẹ́ àṣíborí. Nínú ojúlówó, lábẹ́ ike ìta, fóòmù líle kan wà tó nípọn, òun ni yóò fọ́ wọlé nígbà tí orí bá kanlẹ̀. Bó ṣe ń fọ́ yẹn, ó ń fún ọpọlọ ní ìwọ̀n ìka kan tàbí méjì láti fi dúró, dípò kó dúró lójijì lára egungun agbárí. Igbá kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Ó kàn máa là sí méjì ni. Ìdí nìyẹn tí àṣíborí tó ti la ìjàǹbá kan kọjá kò fi wúlò mọ́, bí ìta rẹ̀ tilẹ̀ ń dán: fóòmù inú rẹ̀ ti ná ohun tó ní. Èyí tí a gbé lé orí láìso okùn abẹ́ àgbọ̀n yóò sì fò kúrò kí orí tó dé ilẹ̀.

Tírélà kò jẹ gbèsè

Òfin kẹta máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Bí tírélà bá gbá ọ̀kadà, ipá tí tírélà fi gbá ọ̀kadà àti ipá tí ọ̀kadà fi gbá tírélà, ọgbọọgba ni wọ́n. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí ipá náà ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tírélà tó wọn 30,000 kílò wúwo ní ìlọ́po 120 ju ọ̀kadà àti èèyàn méjì orí rẹ̀ tí gbogbo wọn jẹ́ 250 kílò. Bí ìkọlù náà bá dín eré tírélà kù ní ààbọ̀ kìlómítà ní wákàtí kan péré, eré ọ̀kadà yóò yí padà ní 60 lójú ẹsẹ̀. Awakọ̀ tírélà lè má mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Kò yẹ kí ọlọ́kadà rò pé ẹni tó wà lókè yẹn ti rí òun, tàbí pé ó lè dúró nítorí òun. Ẹ̀gbẹ́ tírélà kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń dúró de iná.

Bí tírélà yìí bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ga, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Ká ní ó sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 100, bí irú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lágbègbè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tí awakọ̀ sì ń fi bíréèkì nìkan dì í mú. Ooru tó máa wọ inú bíréèkì náà tó láti hó omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, lítà 25 ní kọ̀ọ̀kan. Bíréèkì tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ kì í di táyà mú mọ́. Ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ títí, ọkọ̀ yóò máa lọ. Ọgbọ́n rẹ̀ ni kí awakọ̀ ti bọ́ sí jíà kékeré lókè, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Bó bá dé àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó tó rántí jíà, ó ti pẹ́ jù.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan tí bíréèkì rẹ̀ kọ̀ṣẹ́ ṣubú ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá, lórí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Epo dà, iná sọ. Ó lé ní 50 ọkọ̀ tó jóná, ó kéré tán èèyàn 9 sì kú. Ọkọ̀ tó gbé 33,000 lítà pẹtiróòlù ru nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 24 ti epo nìkan. Epo náà kì í sì í jókòó jẹ́ẹ́: bí ọkọ̀ bá dúró, epo yóò rọ́ síwájú; bó bá yà, epo yóò rọ́ sí ẹ̀gbẹ́, pàápàá bí táǹkì kò bá kún. Wọ́n máa ń fi irin tó ní ihò là á sí yàrá yàrá nínú kí epo má baà rọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ kékeré tó bá wà níwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó yà fún un, kó jẹ́ kó kọjá.

Kọ́nà

Níbi kọ́nà, èrò máa ń rò pé nǹkan kan ń fa òun síta. Kò sí ohun tó ń fà á. Ọ̀nà tààrà ni ara rẹ̀ ń bá lọ, ọkọ̀ ló ń yà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Táyà ló ń rí ipá tó fi ń ya ọkọ̀, láti ara ọ̀dà, eré sì tún wọ ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀mejì: kọ́nà tó gba ipá kan ní 40 yóò gba ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ ní 80. Nítorí náà, kí kọ́nà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń dín eré kù. Ẹni tó bá ń tẹ bíréèkì nínú kọ́nà gan-an, iṣẹ́ méjì ló ń bẹ táyà kan náà.

Kọ̀ntẹ́nà tó wà lórí tírélà kò yàtọ̀ sí èrò. Bí àwọn irin tó ń kọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọkọ̀ kò bá sí ní títì, ìwúwo rẹ̀ nìkan ló dì í mú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ntẹ́nà kan já bọ́ láti orí afárá Òjúẹlẹ́gbá lé ọkọ̀ kékeré kan tó ń kọjá nísàlẹ̀, èèyàn 3 sì kú. Awakọ̀ tó bá ń tẹ̀lé tírélà lè fi ojú wo igun kọ̀ntẹ́nà náà: bó bá ń mì tàbí bí àyè bá wà láàárín rẹ̀ àti ọkọ̀, kó má bá a rìn ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, pàápàá ní kọ́nà àti lórí afárá.

Ẹrù orí danfo náà ń kó sínú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣu tí wọ́n tò sórí ọkọ̀ gbé ìwúwo lọ sókè, ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ wà lókè kì í pẹ́ yí dànù. Èyí tó bá wúwo jù lọ ni kó wà nísàlẹ̀, láàárín, kí èyí tó fúyẹ́ máa lọ sókè. Kí wọ́n so okùn ní ìbú àti ní òró, nítorí ẹrù lè sá síwájú, sẹ́yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́.

Táyà

Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti kan ọ̀dà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yìí ni gbogbo bíréèkì àti kọ́nà ń bá ṣe é. Àwọn ìlà tó jìn lára táyà wà láti lé omi jáde. Táyà tó ti dán kò lè lé e, yóò gun orí omi, ìdarí kò sì ní fèsì mọ́. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kí awakọ̀ ká ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, kó di ìdarí mú tààrà, kó má tẹ bíréèkì lójijì.

Dídán nìkan kọ́. Rọ́bà máa ń gbó bó tilẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Lára gbogbo táyà, nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìparí ìlà lẹ́tà àti nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe òpin ọjọ́ orí rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ ra tókunbọ̀, kó kọ́kọ́ ka nọ́ńbà yẹn kó tó béèrè iye rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ti họ ọ́ kúrò, tàbí tó ní ẹ̀gbẹ́ tí nọ́ńbà wà ló kọjú sínú, tí kò sì fẹ́ yí i padà, kí oníbàárà kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.